Lẹ́tà ṣíṣí sí Dókítà Tedros: ẹni tó kọ́kọ́ kígbe olè ni wọ́n dè lókùn

Oṣù Kẹjọ, ọdún 2025

Sí Dókítà Tedros Adhanom Ghebreyesus,
Ọ̀gá Àgbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé,
Geneva.

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú ìrọ́jú pẹ̀lú, nítorí a gbọ́ pé Amẹ́ríkà ní òun ń kúrò nínú àjọ yín, a sì mọ̀ pé níbi tí owó bá ti já, iṣẹ́ á mẹ́hẹ.

Òṣìṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Nàìjíríà. Àwa là ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ kọ́ èjìká wọ ọjà, wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ mọ́ṣáláṣí, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ń pè ní nọ́ọ̀sì, yálà a jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí a ò jẹ́. Irú wa kì í bá wọn jókòó ní ìpàdé Geneva. Ìwé tí ẹ bá kọ níbẹ̀ ló ń dé ọwọ́ wa nígbẹ̀yìn, nínú ìgò kékeré.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ yín fẹnu kò lórí àdéhùn kan nípa bí ayé yóò ṣe kojú àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó bá dé. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ibi tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni wọ́n sún síwájú pé àwọn á ṣì máa bá a sọ títí di ìpàdé ńlá ọdún 2026. Àfikún tí ẹ ń pè ní PABS ni, èyí tó yẹ kó sọ ohun tí yóò tẹ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ tó bá fi kòkòrò àrùn àti ìmọ̀ nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí aráyé. Nítorí àfikún yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ fún mi láyè kí n ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Ẹdẹ, ìlú Tìmì, kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Redeemer's University wà, ibẹ̀ náà sì ni yàrá àyẹ̀wò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ti gbé kòrónà wọlé. Bàálù ló bá dé láti Milan, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe gbé àjàkálẹ̀ ọdún 1918 wọ Èkó. Wọ́n mú kòkòrò tí wọ́n rí lára ọkùnrin náà lọ sí Ẹdẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti ka àbùdá rẹ̀ tán níbẹ̀, wọ́n sì gbé e síta kí gbogbo ayé rí i. Kò sẹ́ni tó tíì ṣe irú rẹ̀ lórí kòkòrò yìí nílẹ̀ Áfíríkà kí wọ́n tó ṣe é. Àwọn kan láàárín wa ò tíì gbà títí di òní pé Ẹdẹ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n gbé e lọ.

Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Ṣáínà tó ṣáájú wọn. Ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àbùdá kòkòrò náà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Zhang Yongzhen ti Shanghai kà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Edward Holmes ló bá a gbé e síbẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Moderna ti mọ irú abẹ́rẹ́ tí wọn yóò ṣe. Kí ọdún tó parí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n gún ìyá àgbà ẹni 90 ọdún kan ní abẹ́rẹ́ Pfizer ní ìlú Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí, orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò sí àjẹsára kankan tí wọ́n tíì ṣe kíá tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ṣe é gbìyànjú, Ọlọ́run á bù kún wọn. Àmọ́ ìmọ̀ tó bí abẹ́rẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á, ìgbà tí abẹ́rẹ́ sì dé, wọ́n ní ká lọ tò sẹ́yìn.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ síta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó 49 ti gún abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 39, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nínú àwọn tó tálákà jù ló sì ti gún tirẹ̀, iye rẹ̀ jẹ́ 25. Ẹ ní kì í ṣe mílíọ̀nù 25, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún 25. A pín fídíò yẹn láàárín ara wa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan láàárín wa ní, "Ó dára tí bàbá yìí lè sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ ṣá?"

Ẹ mọ iye òkú jù mí lọ. Ìṣirò àjọ yín ni pé ní 2020 àti 2021 nìkan, àwọn tó bá àjàkálẹ̀ náà lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 15, àtẹni tí kòrónà pa, àtẹni tí kò rí ìtọ́jú àìsàn mìíràn gbà nítorí rẹ̀. Ní Bergamo, ní Ítálì, ọkọ̀ ológun ló ń kó pósí jáde nílùú. Ní Manaus, ní Brazil, ọ́síjìn tán ní ilé ìwòsàn, àwọn ẹbí aláìsàn ń sáré kiri láti wá a fúnra wọn. Ní Britain, àwọn dókítà tó kọ́kọ́ bá a lọ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti ọmọ Éṣíà, ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Níbí, òkú tí ìjọba kà lé díẹ̀ ní 3,100. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iye yẹn. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí a ò bá yẹ̀ wò, a kì í kà á.

Ohun tó kọ́kọ́ bá wa jà níbí ni ebi. Kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti ní Àbújá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ti Ògùn sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ló máa jẹ lónìí, báwo ló ṣe fẹ́ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún? Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹrin, àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pe ara wọn ní One Million Boys àti àwọn Àwáwà ti ń da àwọn ará Agége àti apá Ògùn láàmú. Onílé àti ayálégbé jọ ń jáde lóru, wọ́n ń sun táyà ní oríta, wọ́n di igi àti àdá mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀sán ni rédíò ń pariwo pé ká jìnnà síra wa. Lóru, èjìká kan èjìká ni gbogbo àdúgbò wà nítorí olè. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, ní Èkó, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n kó jọ pelemọ. Wọ́n já ti Ẹdẹ náà. Ẹdẹ kan náà. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn o, mi ò gbé e kọ́ yín lọ́rùn.

Kò síbi tí kò dé. UNESCO ní àwọn ọmọ tí ilé ìwé tì mọ́ lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Báńkì Àgbáyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 70 èèyàn ló bọ́ sínú òṣì paraku ní 2020 nìkan. Ní tiwa tí à ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́, èyí tó dùn wá jù ni ìṣirò tí ẹ̀yin àti UNICEF jọ gbé jáde pé ní 2021, mílíọ̀nù 25 ọmọ ni kò gba abẹ́rẹ́ DTP wọn pé, ọ̀kan lára àjẹsára tí à ń gún ọmọ ọwọ́. Gbogbo ojú wà lára kòrónà. Èéyi ò sì gbọ́ pé wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé.

Ẹ má bínú sí èyí tó kàn yìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, àjọ yín kọ ọ́ sórí Twitter pé òtítọ́ ni pé kòrónà kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ní oṣù Keje, àwọn onímọ̀ 239 kọ lẹ́tà síta pé ó ń gba inú afẹ́fẹ́. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín tó bá tiwọn mu. Ní gbogbo àkókò yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì là ń ra. Ẹnu ọ̀nà báńkì, bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á fi ọṣẹ bó ọwọ́ rẹ̀ títí á fi funfun, á wá wọ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa kí AC má baà jáde. Fèrèsé ló yẹ ká ṣí, kò sì sẹ́ni tó ń ta ṣíṣí fèrèsé. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ohun kan náà ni mò ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó tètè rí i, ẹ tètè gbọ́ tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tiwa bọ́ sílẹ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, AstraZeneca tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4, nípasẹ̀ COVAX, ètò tí ẹ̀yin àti àwọn mìíràn jọ dá sílẹ̀ láti pín abẹ́rẹ́ kárí ayé. Kò pẹ́ tí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, fi dá kíkó rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun dúró nítorí àìsàn ń pa àwọn èèyàn tiwọn. A ò lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Kánádà, tó ti ra èyí tó lè gún gbogbo ọmọ ìlú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, kí ni tiwọn? Bílíọ̀nù 2 ni COVAX ní òun máa pín kí 2021 tó parí. Èyí tó pín kò tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lọ́wọ́ wa. Ìgò AstraZeneca kan, ẹni 10 ló wà fún. Tí a bá ti gún ìdérí rọ́bà rẹ̀, wákàtí 6 la ní. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ká dà á nù. Ìyá kan á dé ní àárọ̀, á ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè kó tó jókòó. Èmi á ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, à ń dúró de àwọn yòókù." Á wò yíká, á rí i pé àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń mú, á dìde, á ní àwọn oníbàárà òun ń dúró de òun lọ́jà. Mo ti dúró lẹ́nu géètì rí tí mò ń bẹ ọlọ́kadà pé kó wọlé wá gba tirẹ̀, kí ìyókù inú ìgò má baà ṣòfò. Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ wo ló máa bàjẹ́?" Mo gbé ìgò fún un kó kà á. Ọjọ́ tó kù kò pọ̀. Ó ní, "Ẹ rí i? Èyí táwọn òyìnbó ò fẹ́ mọ́ nìyẹn." Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀. Ó ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba Nàìjíríà kó AstraZeneca 1,066,214 dà sí ààtàn ní Àbújá, wọ́n sì fọ́ gbogbo rẹ̀ túútúú lójú àwọn oníròyìn. Mínísítà ìlera wa ṣàlàyé pé ìgbà tí ọjọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ni wọ́n tó fi ta wá lọ́rẹ. Ìparí oṣù Kọkànlá ni COVAX àti Africa CDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ Áfíríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ síta pé abẹ́rẹ́ ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 10 nílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Ní ìparí ọdún náà, àwọn tó ti gbà á pé nílẹ̀ Áfíríkà kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé nígbà tí abẹ́rẹ́ wá pọ̀ ní 2022, àwọn èèyàn wa kọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Àhesọ orí WhatsApp ò jẹ́ ká sinmi, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ náà sì ń ba àwọn pásítọ̀ àti ààfáà kan pàápàá. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí mo sọ yẹn, kì í ṣe WhatsApp ló ti kà á. Ara ìgò ló ti kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Omicron ti wọlé rèé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ní Botswana àti South Africa, Sikhulile Moyo, Tulio de Oliveira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, rí ẹ̀yà kòrónà tuntun kan nínú àyẹ̀wò wọn. Wọn ò fi bò. Ọjọ́ 25 ni wọ́n bọ́ síwájú oníròyìn láti sọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, Britain ti kéde pé òun ti ilẹ̀kùn mọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní gúúsù Áfíríkà. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni Netherlands tún àyẹ̀wò àtẹ̀yìnwá yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé Omicron ti wà lọ́dọ̀ àwọn láti ọjọ́ 19 oṣù náà. Ẹni tó kọ́kọ́ kígbe olè ni wọ́n dè lókùn, olè sì ti wà nínú yàrá àwọn tó ń dè é.

Ó kàn wá dé ilé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, Britain kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Peckham, ní London, tó tún ní ẹbí ní Ìbàdàn mọ ohun tí oṣù Kejìlá jẹ́: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ilé ṣíṣí. Àwọn tó ti wálé kò lè padà síbi iṣẹ́ wọn àfi tí wọ́n bá san 2,285 pọ́ùn fún hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa sé wọn mọ́. Aṣojú wa ní London nígbà náà, Sarafa Tunji Ìṣọ̀lá, pè é ní àpátáídì orí ìrìn àjò. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, wọ́n pa gbogbo àkójọ ọ̀hún rẹ́, torí Omicron ti gba ìgboro London. Àjọ yín sọ pé títì ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò dára, ẹ ṣeun. Kò sẹ́ni tó gbọ́, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe ẹni tí kò bá gbọ́.

Ẹ wá rò ó wò, sà. Lọ́la, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní Ẹdẹ tàbí ní Gaborone, ní Botswana, rí ohun tí kò rí rí. Ó gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọ̀gá gbé e tọ mínísítà. Mínísítà rántí 2021, ó rántí bàálù tí kò balẹ̀ mọ́ àti àwọn àlejò tí kò wá mọ́. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú ṣá? Ẹ jẹ́ ká ṣì dúró ná." Àìsàn tó ń gba inú èémí ràn kì í bá èèyàn dúró ná.

Mi ò fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí ẹ̀bi ilé. Kúbà, níbi tí wọ́n ṣì ń kí Yemọja àti Ṣàngó lóhùn tó jọ tiwa, kò dúró de COVAX. Láti nǹkan bí 1980 ni wọ́n ti ń náwó sí ìmọ̀ ṣíṣe abẹ́rẹ́ pẹ̀lú bí Amẹ́ríkà ṣe dí ọ̀nà ọjà mọ́ wọn. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ kòrónà tiwọn, Abdala àti Soberana, kí 2021 sì tó parí, ó ju ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ tó ti gbà á pé níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ ọdún 2. Nàìjíríà náà ti ṣe é rí. Yábàá ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú títí di 1991, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Wọn ò tíì tún un ṣe tán. Àwọn olórí wa ni kí wọ́n dáhùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Íńdíà àti South Africa bẹ̀bẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dẹwọ́ lórí ẹ̀tọ́ wọn kí ẹlòmíràn lè ṣe abẹ́rẹ́ náà, oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé tó fún wọn lésì, èsì ọ̀hún kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n béèrè. Àwọn ará ilé iṣẹ́ Afrigen ní Cape Town, tí àjọ yín ní kí wọ́n ṣe irú abẹ́rẹ́ Moderna, ní láti dá a ṣe láìsí ìrànlọ́wọ́ Moderna. Wọ́n sì ṣe é.

Ní báyìí, àdéhùn yín ní kí ilé iṣẹ́ tó bá wọ ètò PABS ya ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́, oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò sọ́tọ̀ fún àjọ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn. Ó dára, àmọ́ "tó bá wọ" yẹn ń kọ mí lóminú. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́, tó kàn ṣí íntánẹ́ẹ̀tì tó kó iṣẹ́ àwọn ará Ẹdẹ lọ? Ẹ kọ ọ́ sínú àfikún náà pé ẹnikẹ́ni tó bá fi ìmọ̀ yẹn ṣe ọjà, ó ti wọ ètò nìyẹn, kó tọwọ́ bọ̀wé kó tó mú un. Ẹ kọ ìgbà tí ìdá 20 náà yóò dé sí i, kó má jẹ́ pé ìgbà tí àwọn olówó bá ti gún ẹ̀kẹta tiwọn ni tiwa á ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹrù. Ọ̀sẹ̀ 10 tí wọ́n sọ ní 2021, inú ìwé ìròyìn ló wà. Ẹ jẹ́ kó wọ inú òfin. Orílẹ̀-èdè tó bá kígbe tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìnídìí, kí ẹni tó ti ilẹ̀kùn san nǹkan kan. Mo mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n rí i kà kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ohun kékeré kan ló kù, mi ò mọ̀ bóyá tábìlì yín ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Tí ẹ bá tún ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí dúnàádúrà, ẹ bá wa sọ fún wọn pé ìgò ẹlẹ́ni 10 ti pọ̀ jù fún abúlé. Ẹlẹ́ni 5 á tó wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ àjẹsára kan,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Nàìjíríà.